Òdòdó tòmátì ń já dànù nínú ooru yìí: ṣé kí n fà á tu ni, àbí kí n dúró de òjò?

Ìyá Aláṣọ, Kubwa

Ẹ kú ooru o, ẹ̀yin olóko ẹ̀yìnkùlé. Ẹ kú àìsùn náà, torí mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ń sùn dáadáa ní Abuja látìgbà tí oṣù kẹta ti wọlé. Ní tiwa ní Kubwa níbí, a ti fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, orí táìlì ni gbogbo wa ń sùn sí nínú yàrá kan ṣoṣo tó ní fèrèsé ńlá. Fáànù ti di ohun ọ̀ṣọ́. Bí wọ́n bá tiẹ̀ mú iná wá láàárín òru, ooru inú yàrá náà ló máa ń gbé láti igun kan lọ sí igun kejì.

Ìbéèrè mi rèé. Mo gbin tòmátì sẹ́yìn ilé, sí àyè tóóró tó wà láàárín ògiri yàrá wa àti fẹ́ǹsì onílé. Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ nígbà tí mo ṣí wọn kúrò nínú ike lọ sílẹ̀. Wọ́n dàgbà débi tí mo fi ń pe aládùúgbò wá wò wọ́n. Igi wọn nípọn, ewé wọn dúdú mìnìjọ̀, mo fi ọ̀pá ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fi àjákù ańkárá dì wọ́n mọ́ ọ̀pá (iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo ń ṣe, àjákù aṣọ ò lè wọ́n mi láyé). Wọ́n wá yọ òdòdó yanturu. Ṣùgbọ́n wọn ò so. Òdòdó á là láàárọ̀, tó bá fi máa tó ọjọ́ kejì, ọrùn rẹ̀ á ti pọ́n, tí ẹ bá fọwọ́ kàn án pẹ́, á já sí yín lọ́wọ́. Mi ò rí kòkòrò lára rẹ̀, mo ti yí ewé wò lábẹ́. Ewé ò ká, kò sì rọ àfi lọ́sàn-án gangan, tó bá dalẹ́ á tún nà. Omi náà ò wọ́n ọn: láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, omi ọwọ́ máírúwà tí mo ń fowó rà ní kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì.

Tó bá jẹ́ tòmátì nìkan ni, mi ò ní yọ yín lẹ́nu. Ọjà Kubwa ò jìnnà sí mi, tòmátì ò sì tíì wọ́n. Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ló wà nídìí ẹ̀. Òun ló ń tọ́jú sítọ́ọ̀ níbi iṣẹ́ kan nínú ìgboro. Nígbà tí ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní àwọn ń dín òṣìṣẹ́ kù, wọ́n fún un ní lẹ́tà, wọ́n ní owó rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Owó náà ṣì wà lọ́nà títí di òní. Ọkọ mi ò mọ ìyàtọ̀ láàárín tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ tẹ́lẹ̀ o. Tí mo bá ní kó bá mi já ẹ̀fọ́, gbogbo ohun tó bá ti ní ewé ló máa já, tó fi mọ́ koríko. Ní báyìí, kí n tó jí, ó ti wà lẹ́yìn ilé. Ó mú ìwé ńlá kan, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ ọjà tó wọlé àti ọjà tó jáde, ó fi rúlà fa ìlà sí i. Kẹ́ẹ̀gì omi tó wọlé, ó kọ ọ́. Òdòdó tó là, ó kọ ọ́. Òdòdó tó já, ó kọ ọ́. Sórí ìlà tó kẹ́yìn ló kọ “Èyí tó so”, òdo ló sì wà lábẹ́ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ojú ewé. Kò ráhùn sí mi létí. Ó kàn ń fi gègé pupa kọ òdo, bó ṣe máa ń ṣe níbi iṣẹ́ nígbà tí ọjà bá tán ní sítọ́ọ̀.

Mi ò fẹ́ kí ọkùnrin náà máa kọ òdo mọ́.

Torí náà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n fa tòmátì yìí tu, àbí tí òjò bá dé, á so? Tó bá jẹ́ pé ká fà á tu ni, kí ni mo lè gbìn nínú ooru yìí tó máa tètè tó ká, tí omi rẹ̀ ò sì ní gbé gbogbo owó aṣọ ọdún tí mò ń rán lọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n fi àdúrà sí i. Lọ́dún yìí tí ààwẹ̀ Mùsùlùmí àti ti Kìrìsìtẹ́nì bọ́ sójú kan náà, àdúrà tó wà lórí Abuja ti tó.

Bàbá Zaria

Ìyá Aláṣọ, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó omi. Ẹ bá mi kí baálé yín gidigidi.

Kì í ṣe àìsàn ló ń ṣe tòmátì yín. Ooru ni, pàápàá ooru òru. Inú òdòdó tòmátì kan náà ni akọ àti abo wà, ìyẹ̀fun tó wà lára akọ ló gbọ́dọ̀ bọ́ sórí abo kó tó lè di ọmọ. Tí ọ̀sán bá ti ń kọjá nǹkan bíi 35°C, tí òru ò sì wálẹ̀ dé 24°C, ìyẹ̀fun yẹn ò ní lágbára mọ́, igi á sì já òdòdó náà sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Abuja máa ń rí nínú oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, lọ́sàn-án àti lóru. Omi tí ẹ ń bù sí i lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ò lè sọ òru di tútù.

Ẹ tún sọ nǹkan kan tí ẹ kàn gbà kọjá, òun ló sì mú mi lójú jù: àárín ògiri àti fẹ́ǹsì. Búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì ń gba oòrùn sára látàárọ̀ dalẹ́, òru ni wọ́n máa ń tú u jáde. Ẹ lọ fọwọ́ kan fẹ́ǹsì yẹn tó bá di aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ ó rí i pé kò tíì tutù. Látìgbà tí ọyẹ́ ti lọ, tòmátì yín ò tíì rí òru tó tù ú lára. Ẹni tó gbin tiẹ̀ sí gbangba, bó tiẹ̀ jẹ́ Kubwa kan náà ni, ó lè rí ọ̀kan tàbí méjì ká.

Ẹ wo bí àwọn tó ń fi tòmátì jẹun ṣe ń ṣe é. Níhà Kura àti Kadawa ní Kano, níbi tí omi ìdídò Tiga ti ń ṣàn wọ oko láti àwọn ọdún 1970, láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá ni wọ́n máa ń ṣí ọmọ tòmátì gbìn. Inú ọyẹ́ ló ń so fún wọn. Nígbà tí ooru bá fi máa gbóná báyìí, èyí tó ṣẹ́ kù ni wọ́n ń ká. Ìdí nìyẹn tí apẹ̀rẹ̀ tòmátì fi máa ń pọ̀ lọ́jà lóṣù kejì, tí kò ní ṣeé sún mọ́ mọ́ tó bá di oṣù kẹfà.

Tèmi ni pé kí ẹ má fa gbogbo rẹ̀ tu. Ẹ yan bíi márùn-ún tó lágbára jù, tó jìnnà sí fẹ́ǹsì jù. Ẹ gé orí wọn, kí ẹ fi ẹ̀ka tó ń rú nísàlẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má fún wọn ní ìgbẹ́ adìyẹ tàbí yúríà ní báyìí, ewé lásán ni wọ́n máa fi hù. Omi lẹ́ẹ̀kan ní kùtùkùtù, tó wọlẹ̀ dé gbòǹgbò, dára ju ìwọ́n díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí wọn. Tí ẹ bá rí ohun tí ẹ lè fi ṣíji bò wọ́n láti aago méjìlá sí aago mẹ́rin, ẹ ṣe é. Tí òjò bá ti rọ̀ léraléra, tí òru bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, wọ́n á so.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ tàn yín. Ó lè rọ̀ lóṣù yìí kí ó sì tún dá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó bá sáré gbin àgbàdo sí i, á padà wá bomi rin àgbàdo.

Ní ti ìwé tí baálé ń kọ, ẹ jẹ́ kó máa kọ ọ́. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, owó ìfẹ̀yìntì mi pẹ́ kó tó jáde. Láràárọ̀ ni mo máa ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì mi, màá wọ bàtà, màá jókòó sí gbàgede, mi ò sì ní ibi tí mò ń lọ. Ìyàwó mi ò bi mí rí pé níbo. Ó kàn ń gbé tíì wá ni. Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn.

Ará Jos

Ẹ̀yin ará ooru, ẹ pẹ̀lẹ́ o! Mo wọ súwẹ́tà lọ sóko láàárọ̀ yìí. Mi ò sọ ọ́ láti fi yín ṣẹ̀sín, mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni.

Ohun tí Bàbá sọ ló jẹ́ kí tòmátì wa máa so nígbà tí tiyín ń já. Jos ga ju ìwọ̀n mítà 1,200 lọ sórí òkun, òru wa ṣì ń gba kéèyàn bora. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jowú wa o. Tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, yìnyín ló máa ń bá a rìn. Lọ́dún tó kọjá, mo ní kábéèjì tó ti di orí, tí oníbàárà ti fún mi ní owó àsansílẹ̀ lé e lórí. Ìrọ̀lẹ́ kan péré ni yìnyín fi lu gbogbo ẹ̀, ewé rẹ̀ ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Mo dá owó padà. Oníbàárà náà tún bá mi ra èyí tó ya, ó ní inú ọbẹ̀ náà ló ń lọ. Irú oníbàárà báyìí, Ọlọ́run ló ń fún ni.

Ọmọ Sabon Gari, Kano

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, Bàbá, èmi ò fara mọ́ ti pé kí wọ́n fi márùn-ún sílẹ̀. Àǹtí, ẹ fà á tu!

Ìdí mi rèé. Ẹ ó fi omi olówó tọ́ igi lásán títí di oṣù karùn-ún. Òjò á wá dé, òru á tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin á mú àrùn ewé wá: àmì dúdú róbótó róbótó á bẹ̀rẹ̀ láti ewé ìsàlẹ̀, á máa gòkè lọ. Igi tí ooru ti lù dáadáa ni àrùn yìí máa ń kọ́kọ́ mú. Ẹ ò ní rí nǹkan tó pọ̀ ká, ọkọ yín á tún máa kọ òdo lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti kọ́ ọ. Ní 2016, nígbà tí kòkòrò Tuta absoluta, èyí tí gbogbo ọjà ń pè ní Ebola tòmátì, wọ oko ní Kaduna àti Kano, tí ìjọba Kaduna fi kéde pé ọ̀rọ̀ tòmátì ti di ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní oko lọ́nà Kura. Gbogbo àwọn tí oko wọn bá tiẹ̀ pààlà ń ra oògùn, wọ́n ń fín in, wọ́n ń retí pé á tún yè. Òun fa tiẹ̀ tu, ó kó o jọ, ó dáná sun ún, ó gbin ilá. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ lábẹ́ igi dogonyaro tí wọ́n ti ń jókòó. Ilá yẹn ló fi san owó ilé ìwé àwa ọmọ nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀. Ẹ má bi mí nípa àwọn tó ń ra oògùn.

Àwọn tó fẹ́ràn ooru ni kí ẹ gbìn: ilá, tẹ̀tẹ̀, ewédú, ìṣápá tí àwọn Hausa ń pè ní yakuwa. Tẹ̀tẹ̀ lè tó ká lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Zogale, ìyẹn mọ̀ríńgà, náà ńkọ́? Ẹ gé igi rẹ̀, ẹ gún un mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì yẹn gan-an, kò bìkítà. Ẹ bọ ewé rẹ̀, ẹ ro ó pọ̀ mọ́ kúlíkúlí lílọ̀ àti àlùbọ́sà àti ata. Ní Kano, ẹni tí kò bá jẹ ẹ́ nínú ooru ò tíì di ọmọ ìlú.

Ní ti ìbòjì, ẹ má ra nẹ́ẹ̀tì olówó gọbọi tí wọ́n ń tà. Ẹní zana tí wọ́n fi koríko hun, tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà àti àtíbàbà, ẹ ra ọ̀kan, ẹ nà án sórí ọ̀pá. Èèpo ẹ̀pà ni mo fi ń bo ilẹ̀, ó pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ikán fẹ́ràn rẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má jẹ́ kó fara kan igi, ẹ fi àyè bí àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ yí ìdí rẹ̀ ká.

Olóko Inú Àpò, Gwagwalada

Mo ń ka tiyín, mo ń rẹ́rìn-ín nítorí ọkọ Àǹtí. Ẹ bá mi sọ fún un pé èmi náà ní ìwé, ṣùgbọ́n gbèsè ló wà nínú tèmi.

Ilẹ̀ tí mò ń dá oko sí tẹ́lẹ̀ kì í ṣe tèmi. Onílẹ̀ ló ní kí n máa bá òun lò ó, kí àwọn èèyàn má bàa sọ ọ́ di ààtàn. Mo ro ó dáadáa, mo gbin ilá àti ata rodo sí i. Lọ́jọ́ kan mo débẹ̀ láàárọ̀, mo bá típà tó ń da yanrìn sórí ilá mi. Onílẹ̀ ti rí owó, ó fẹ́ kọ́lé. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ilẹ̀ rẹ̀ ni, kò sì bá mi ṣe àdéhùn ọdún kankan. Bíríkìlà tó wà níbẹ̀ ló gbé ṣọ́bìrì rẹ̀ sílẹ̀, ó bá mi ká èyí tí yanrìn ò tíì bò. A pín in sí méjì. Ó ní òun ò jẹ ilá láti ọjọ́ mélòó kan, ìyàwó òun wà ní Okene.

Látìgbà náà, inú àpò ìrẹsì ni mò ń gbin nǹkan sí. Àpò 50kg, ẹ ká etí rẹ̀ wálẹ̀ dé ìdajì, ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀, ẹ po ilẹ̀ pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà dáadáa (èyí tó ṣì tutù máa ń jó gbòǹgbò). Àpò funfun ni kí ẹ lò, dúdú ń gba ooru jù. Ó máa ń tètè gbẹ, ìyẹn ni wàhálà rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ àti lálẹ́. Ṣùgbọ́n ó ṣeé gbé. Lọ́sàn-án mo máa ń wọ́ wọn lọ sábẹ́ máńgòrò. Nígbà tí mo kó kúrò nílé tí mo wà, ata mi bá mi wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Ìyá Aláṣọ, ẹ lè fi àpò gbé tiyín kúrò lẹ́bàá fẹ́ǹsì tí Bàbá ń sọ yẹn.

Ẹ tún wo àwọn Gbagyi tó ń gbin iṣu lágbègbè wa. Kí òjò tó dé rárá, wọ́n ti kọ ebè, wọ́n ti gbin iṣu sí i, wọ́n á wá fi koríko dé orí ebè kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi ilẹ̀ díẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Oòrùn á máa lu koríko, iṣu á wà nísàlẹ̀ ní tiẹ̀. Mo bọ ọwọ́ mi sí abẹ́ ọ̀kan rí lọ́sàn-án gangan. Ó tutù.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Lugbe

Ẹ ti sọ ti tòmátì tó, ẹ jẹ́ kí n sọ ti èèyàn. Ìyá Aláṣọ, ẹ ní gbogbo yín ń sùn nínú yàrá kan. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má dì mọ́ra. Àsìkò yírunyírun la wà yìí ní gbogbo apá òkè ọya, ó di ìgbà tí òjò bá dé kó tó máa rọlẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ara rẹ̀ bá gbóná, tí orí ń fọ́ ọ, tí ọrùn rẹ̀ sì le débi pé kò lè tẹ àgbọ̀n rẹ̀ mọ́ àyà, ẹ má rò pé ibà lásán ni, ẹ má ra oògùn ní ṣọ́ọ̀bù. Ilé ìwòsàn tààrà, lójú ẹsẹ̀.

Kí ọkọ yín kúrò nínú oòrùn kó tó di aago mẹ́wàá. Tó bá ń gbààwẹ̀, iṣẹ́ agbára nínú ọgbà di ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tó bá ti ṣínu. Mo rí wọn tó pọ̀ tí wọ́n ń gbé wọn wá bá wa lọ́sàn-án, ọkùnrin tó lágbára, òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú. Wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ àwọn.

Ìyá Aláṣọ, Kubwa

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Ọlọ́run á bá yín ṣe tiyín náà. Mi ò mọ̀ pé ẹ máa dá mi lóhùn tó báyìí.

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún bàbá wọn nírọ̀lẹ́ àná. Ó gbé ìwé rẹ̀ dání, ó ń kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí Bàbá Zaria ti ń wọ bàtà jókòó sí gbàgede, ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Kò sọ nǹkan kan, ó bá lọ fọwọ́ kan fẹ́ǹsì. Ó pè mí kí n wá fọwọ́ kàn án. Òótọ́ ni o! Alẹ́ ti lẹ́, fẹ́ǹsì yẹn ṣì gbóná débi tí èèyàn lè fi lọ aṣọ. Inú rẹ̀ dùn. Ẹ wo ó, inú rẹ̀ dùn pé fẹ́ǹsì ló ń ṣe é, pé kì í ṣe ọwọ́ òun.

A wá jà díẹ̀ lórí iye tó máa kù. Èmi fẹ́ márùn-ún ti Bàbá, òun ní Ọmọ Sabon Gari ló mọ̀rọ̀ sọ, kí gbogbo rẹ̀ kúrò nílẹ̀. A fi mẹ́ta sílẹ̀, lápá ibi tí fẹ́ǹsì ti ya ẹnu sí ojú ọ̀nà, tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Àwọn yòókù, òun fúnra rẹ̀ ló fà wọ́n tu. Ó tú ańkárá mi kúrò lára wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ká wọn jọ, ó ní a ṣì máa lò ó.

Ní ti ìbòjì, mi ò ra zana. Kọ́tìnì léèsì funfun kan wà ní ṣọ́ọ̀bù mi tí oníbàárà kan ní kí n tún rán, tí kò wá gbà láti ọdún tó kọjá. Mo ti pè é títí, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́. Mo rán ìwọ̀ sí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a ta á láti ògiri sí fẹ́ǹsì. Oòrùn ń wọlé, ṣùgbọ́n kò já wọlé gbáà bíi tẹ́lẹ̀. Tí oníbàárà yẹn bá dé, mo máa fọ̀ ọ́ fún un.

Àpò ìrẹsì mẹ́rin wà nílé, ilá máa lọ sínú wọn. Tẹ̀tẹ̀ ti wà nílẹ̀, mo ti fọ́n ọn. Zogale, aládùúgbò wa ará Katsina ní kí n wá gé bí mo bá ṣe fẹ́, ó tún ní ìyàwó òun á kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ro ó. Àǹtí Nọ́ọ̀sì, a ti pín ara wa sí yàrá méjì, ẹ ṣeun.

Ó ku ìbéèrè kan, ti bàbá wọn ni: ewédú. A fọ́n ọn rí nígbà tí ọyẹ́ ń parí, kò hù. Àpò irúgbìn náà ṣì kù. Ṣé ó ti kú ni?

Bàbá Zaria

Ó lè má tíì kú. Irúgbìn ewédú ní èèpo tó le, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀, ó sì kórìíra òtútù ọyẹ́. Ìyá mi máa ń fi omi gbígbóná bá a jà. Ẹ wá àjákù aṣọ tó fẹ́lẹ́, ẹ̀yin lẹ mọ èyí tó dára, ẹ di irúgbìn náà sínú rẹ̀ bíi tira. Ẹ gbé omi kaná kó hó. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ ri tira náà bọ̀ ọ́, ẹ ka ení dé ẹ̀wá, ẹ yọ ọ́ kíákíá, ẹ jù ú sínú omi tútù. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, á jinná. Ẹ sá a síbi ìbòjì kó gbẹ díẹ̀, kó má bàa máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, kí ẹ tó fọ́n ọn. Ẹ po ó mọ́ yanrìn díẹ̀ kó lè tàn ká. Kí ilẹ̀ tó máa bò ó má nípọn, ó kéré gan-an.

Ìyá Aláṣọ, Kubwa

Bàbá, ẹ pẹ́ fún wa. Ó ní kí n bi yín: ení dé ẹ̀wá ti olùkọ́, àbí ení dé ẹ̀wá ti ẹni tó ń sáré?

Bàbá Zaria

Ti ẹni tó ń ka ọjà wọlé sítọ́ọ̀. Kó má yá jù, kó má falẹ̀ jù.

Ọmọ Sabon Gari, Kano

Àǹtí, ẹ má fọ́n gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan o. Ẹ fọ́n ìdajì báyìí, kí ẹ fọ́n ìdajì yòókù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Tí ẹ bá ń gé ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́, èkejì á máa tẹ̀lé e. Kí ẹ má fà á tu o, ẹ máa fi ọ̀bẹ gé e, kí ẹ fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀, á tún rú. Kí ọkọ yín lọ ra gègé aláwọ̀ búlúù sílẹ̀.